Ọjọ́ Mọ́kànlá Láìsí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Orí òrùlé mọ́tò ni Nerida Pascoe wà, tó na fóònù sókè bí ẹni tó fẹ́ já èso lórí igi, nígbà tí Clem Hartigan kọ́kọ́ fojú kàn án.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Nerida. Òun nìkan ló ń wa mọ́tò náà, ó sì so ilé onítáyà kékeré tó ń sùn sí mọ́ ọn lẹ́yìn. Láti àárọ̀, kò tíì rí ènìyàn kan lójú ọ̀nà aginjù tó lọ sí ìlú Mulgaree, àfi erùpẹ̀ pupa àti kangarúù méjì tó jókòó sábẹ́ igi gbígbẹ. Nígbà tó gbọ́ ariwo katapílà tó ń tẹ́ ọ̀nà bọ̀ níwájú, kò tiẹ̀ wò ó. Fóònù ló ń wò.

Katapílà náà dúró. Ọkùnrin gíga onírùngbọ̀n funfun kan yọ orí jáde nínú rẹ̀.

"Màdáámù, ẹ máa já bọ́ o!"

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ná," ni Nerida dá a lóhùn. "Tí mo bá ti rí i, mo lè já bọ́."

"Ẹ ò lè rí i níbẹ̀ yẹn. Kódà kí n gun orí mọ́tò yẹn, kí ẹ tún gun èjìká mi. Láti ibi tí ẹ wà yìí dé Mulgaree, àádọ́rùn-ún kìlómítà ni, kò sí nǹkan kan lójú ọ̀nà bí kò ṣe eṣinṣin."

Bí ó ti gbọ́ ìyẹn, Nerida jókòó gbìì sórí òrùlé mọ́tò, ó bú sẹ́kún.

Clem pa iná katapílà. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó dúró sísàlẹ̀, kò mọ ohun tí ì bá ṣe.

"Ẹ má bínú, màdáámù. Ṣé mo sọ ohun tí kò yẹ ni?"

"Ọmọ mi ń rọbí," ni Nerida wí. "Tamsin. Òun nìkan ni mo bí. Adelaide ló wà, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó àkókò; ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń lọ. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ pé omi oyún ti já, pé níbo ni mo wà. Kí n tó dá a lóhùn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí! Mi ò mọye ọmọ ọlọ́mọ tí mo ti gbà. Ọjọ́ tó wá kan tèmi, orí òrùlé mọ́tò ni mo wà."

Clem na ọwọ́ sókè sí i.

"Ẹ rọra sọ̀kalẹ̀. Ibùdó mi wà níwájú níbẹ̀ yẹn, kò ju kìlómítà méjìlá lọ, lórí òkè kan. Mo ri òpó gígùn kan síbẹ̀ tó ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá láti Mulgaree. Kò pọ̀, àmọ́ ẹ máa gbọ́ ohùn ọmọ yín."

Nerida wò ó. Obìnrin tó dá wà nínú aginjù, ọkùnrin tí kò mọ̀ rí ní kó wá sí ibùdó òun. Ohun tó ń rò hàn lójú rẹ̀, ó sì yé Clem.

"Ẹ wa mọ́tò yín kí ẹ máa tẹ̀ lé mi," ni ó wí. "Tí ẹ bá débẹ̀ tí ibẹ̀ ò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ yí mọ́tò padà kí ẹ máa sá lọ. Ẹ wo katapílà yìí. Ṣé ohun tó lè lé ènìyàn bá nìyí?"

Láàárín ẹkún, Nerida rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kí lorúkọ yín?"

"Clem."

"Èmi ni Nerida. Ẹ jọ̀ọ́, Clem, ẹ sáré."

Ó sáré débi tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè sáré dé.

Ibùdó náà kò ju ilé onítáyà gígùn kan lọ, táńkì omi kan, tábìlì kan lábẹ́ tapólì, àti òpó irin tó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Clem fa Nerida lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn ilé onítáyà náà.

"Ibí yìí gan-an ni kí ẹ dúró sí. Ibi tó ti ń mú kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ. Tí ẹ bá sún ẹsẹ̀ méjì, ó ti lọ nìyẹn."

Nerida dúró ṣinṣin. Fóònù dún lẹ́ẹ̀mejì, Tamsin sì gbé e.

"Mọ́mì! Níbo lẹ wà láti àárọ̀? Ó ń dùn mí o!"

"Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kan, ọmọ mi."

"Táyà kẹ̀?"

"Má dá ara rẹ láàmú nípa táyà. Mí sínú. Ó dáa. Mí síta, díẹ̀díẹ̀. Mo wà níbí, mi ò lọ síbì kankan."

Wákàtí márùn-ún ni Nerida lò níbẹ̀. Clem gbé àga wá fún un, ó gbé tíì wá, ó gbé fìlà ara rẹ̀ dé e lórí. Nígbà tí oòrùn yí sójú rẹ̀, ó ta tapólì tábìlì bò ó. Lẹ́yìn náà ó já ẹ̀ka igi, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi lé eṣinṣin kúrò lára rẹ̀.

Ọ̀sán ń rọ̀ lọ nígbà tí atẹ́gùn dé. Òpó náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ohùn Tamsin sì bẹ̀rẹ̀ sí í já.

"Mọ́mì, wọ́n ní kí n... Mọ́mì... ṣé ẹ..."

"Tamsin! Tamsin!" Nerida yíjú padà. "Clem, ó ń lọ!"

Clem ti wà lórí àkàbà. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ó gun orí ilé onítáyà rẹ̀, ó di òpó náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì fi àyà tì í.

"Báyìí ńkọ́?" ló kígbe sísàlẹ̀.

"Ó ti padà! Ẹ má mira o!"

"Mi ò ní mira!"

Ó lé ní wákàtí kan tó fi wà bẹ́ẹ̀. Erùpẹ̀ bò ó, irùngbọ̀n rẹ̀ di pupa, kò mira. Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ tí Nerida ń pariwo sínú fóònù pé, "Tì í, ọmọ mi, tì í!" Lẹ́yìn náà, ibi gbogbo dákẹ́.

Nínú fóònù, ọmọ tuntun ń ké.

"Ó ti dé!" Nerida kígbe sókè. "Obìnrin ni! Clem, ó ti dé o!"

"Ó ti dé!" Clem náà kígbe lórí ilé, bí ẹni pé ó ti mọ gbogbo ẹbí náà láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ṣe díẹ̀, ó ní, "Ṣé mo lè sọ̀kalẹ̀ báyìí?"

"Ẹ dúró ná! Wọ́n fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́!"

Fọ́tò náà pẹ́ kí ó tó wọlé. Nígbà tí atẹ́gùn rọlẹ̀, Clem sọ̀kalẹ̀ wá dúró tì í, èjìká sí èjìká, nítorí pé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń mú kò gba kí wọ́n jìnnà síra. Fọ́tò ṣí. Ọmọ kékeré kan, tó fún ojú pọ̀, tó ń bínú sí gbogbo ayé.

"Ó jọ yín," ni Clem wí.

"Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹkún àti erùpẹ̀ ni ẹ rí lójú mi láti àárọ̀."

"Mo ráyè wò yín dáadáa láti òkè yẹn."

Ìtìjú mú Nerida, ó tún dojú kọ fọ́tò náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fẹ́ máa lọ, ṣùgbọ́n Clem rí i pé táyà kan lára mọ́tò rẹ̀ ti gé. Ó lo gbogbo òwúrọ̀ láti fi tún un ṣe. Nerida dín ẹran àgùntàn, ó ṣí èso píìṣì inú agolo, wọ́n jókòó jẹun lábẹ́ tapólì. Ibẹ̀ ló ti bi í léèrè.

"Clem, kí ló mú yín ri irú òpó yìí mọ́lẹ̀? Ẹ̀yin nìkan ni ẹ wà níbí."

Clem gbé ife tíì sílẹ̀.

"Ìyàwó mi, Dell, kú ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Port Augusta là ń gbé. Ọkàn rẹ̀ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Èmi wà lójú ọ̀nà yìí, mò ń ṣiṣẹ́. Wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Ọjọ́ kejì ni awakọ̀ kan tó ń kó màlúù tó dúró, tó ní, 'Clem, ṣé o ò tíì gbọ́ ni?'" Ó yí ife náà lórí tábìlì. "Ọ̀sẹ̀ tí mo sin ín ni mo lọ ra òpó. Mo mọ̀ pé kò wúlò fún òun mọ́. Mo ṣáà rà á."

Nerida na ọwọ́ lórí tábìlì, ó fi lé ọwọ́ rẹ̀.

"Ó wúlò fún èmi," ni ó wí.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, kò sí ẹni tó fi "ẹ" bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ mọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Kí Nerida tó lọ, Clem gba fóònù rẹ̀ wò, ó sì mi orí. "Káàdì síìmù tó wà nínú fóònù rẹ yìí, ará ìlú ni. Ibi tí ilé bá ti tán, òun náà tán síbẹ̀." Ó mú òmíràn jáde nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, irú èyí tí àwọn ará aginjù ń lò, ó fi sí i. Ó de irin ẹ́ríálì kan mọ́ iwájú mọ́tò Nerida. Lẹ́yìn náà ó ya ọ̀nà sórí bébà, ó fi àmì sí ibi mẹ́rin tí fóònù ti máa ń mú láàárín ibẹ̀ àti Port Augusta: ẹnu géètì kejì, ẹ̀gbẹ́ àjókù bọ́ọ̀sì, orí òkè olókùúta, àti ibi tí ọ̀nà ti yà.

"Tí o bá dé ọ̀kọ̀ọ̀kan, pè mí."

"Kí n sọ pé kí ni?"

"Pé o ti débẹ̀."

Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kò ní nǹkan kan láti sọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n sì lo ju ìdajì wákàtí lọ.

Ní Adelaide, wọ́n sọ ọmọ náà ní Edie. Nerida wẹ̀ ẹ́, ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó fọ aṣọ rẹ̀, ó dáná fún ìyá àti bàbá rẹ̀. Ní aago kan ọ̀sán ojoojúmọ́, tí Clem bá dúró jẹun, ohùn rẹ̀ tó gbà sílẹ̀ á wọlé sórí fóònù Nerida: ejò tó sùn sábẹ́ katapílà, awakọ̀ àjèjì tó gbé ọkọ̀ ojú omi wá sínú aginjù, bí oòrùn ṣe mú tó. Nígbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀, ó máa ń sọ pé, "Mò ń ronú rẹ o, olólùfẹ́." Nerida á lọ gbọ́ ọ ní ẹ̀yìnkùlé, á sì padà wọlé pẹ̀lú ojú tó ń dán.

Tamsin kì í ṣe ọmọdé. Lọ́jọ́ kan, bó ti ń fún Edie lọ́mú, ó ní, "Mọ́mì, ta ni olólùfẹ́?"

Nerida sọ fún un. Kò fi nǹkan kan pamọ́.

"Ọkùnrin tẹ́ ẹ bá pàdé lójú ọ̀nà nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì?"

"Ọkùnrin tó di òpó mú kí n lè gbọ́ ohùn rẹ lọ́jọ́ tí ò ń rọbí."

"Mo mọ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a fi káàdì ọpẹ́ ránṣẹ́ sí i." Ojú Tamsin le. "Mọ́mì, ẹnu dídùn ni dádì fi fẹ́ yín. Ẹnu dídùn náà ló fi kó lọ bá obìnrin mìíràn nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Èmi ni mo jókòó tì yín ní kíṣìnnì nígbà yẹn, ẹ ẹ̀ rántí ni? Èmi ni mo ń pe àwọn ilé ìwòsàn pé ara yín ò yá, pé ẹ ò lè wá sí iṣẹ́. Mi ò lè tún rí i lẹ́ẹ̀kejì."

Nerida rántí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún nítorí pé òótọ́ ni.

"Bá a sọ̀rọ̀ fúnra rẹ," ni ó wí. "Ohun tí mo bẹ̀ ọ́ nìyẹn."

Wọ́n pe Clem lórí fídíò lọ́jọ́ Sunday. Ó ti gé irùngbọ̀n, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀. Bó ti ya ẹnu láti kí wọn, fídíò gan, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ojú kan pa dé, ojú kejì là. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan.

"Ẹni náà nìyí?" ni Tamsin bi ìyá rẹ̀.

Ẹ̀rín ló ń pa Nerida.

Fídíò tún ṣí. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Tamsin," ni Clem ń wí. "Edie ńkọ́?"

"Edie wà. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gbẹ́ni Clem, mi ò fẹ́ fi àkókò yín ṣòfò. Kí lẹ fẹ́ lọ́dọ̀ ìyá mi?"

Clem gbọ́ ọ. Wọ́n rí i tó gbọ́ ọ. Ó jókòó dáadáa, ó ní, "Ohun tí mo fẹ́ ni pé..." Fídíò sì kú.

Wọ́n dúró, wọ́n tún pè é, kò wọlé.

"Ó ti sá," ni Tamsin wí.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

"Ó dáa, Mọ́mì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

Lọ́jọ́ kejì, aago kan lù, ohùn Clem kò wọlé. Aago méjì, kò wọlé. Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin. Nerida pè, ẹ̀rọ dá a lóhùn pé ẹni náà kò sí níbi tí a ti lè rí i. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kò sí àmì pé ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ nínú ìròyìn pé òjò ń rọ̀ ní àríwá lọ́hùn-ún, pé wọ́n ti ti ọ̀nà púpọ̀, àmọ́ wọn kò dárúkọ Mulgaree. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé omi ló dé. Nígbà mìíràn ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìbéèrè Tamsin ló lé e lọ, pé ó jókòó síbẹ̀, ó rò ó, ó rí i pé wàhálà náà ti pọ̀ jù fún òun.

Ní ọjọ́ kẹfà, ó pe ilé epo tó wà ní Mulgaree. Obìnrin ibẹ̀ ní àwọn kò tíì rí Clem, pé omi ti pín ọ̀nà sí méjì, kò sí ọkọ̀ tó lè kọjá. "Ẹ má fòyà, ìyá," ni obìnrin náà wí, "Clem mọ ilẹ̀ yìí." Ohùn rẹ̀ kò dá Nerida lójú.

Tamsin kò sọ pé, "Mo sọ bẹ́ẹ̀." Ó ti ní in lẹ́nu ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó rí ìyá rẹ̀ tó fọ ìgò Edie kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, òun gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìròyìn ojú ọjọ́ ní ìkọ̀kọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejìlá, Nerida ń wẹ Edie nínú bàsíà, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tamsin. Ó dún. Ó tún dún. Kò dákẹ́ mọ́, ó ń dún léraléra bí ẹni ń lu agogo.

"Mọ́mì," ni Tamsin wí. "Clem ni. Ohùn ni. Ó jẹ́... mọ́kànlá."

Nerida di Edie mú. "Mi ò lè fi ọmọ sílẹ̀ nínú omi. Tẹ̀ ẹ́. Tẹ èkíní."

Tamsin tẹ̀ ẹ́.

"Nerida, Clem ni. Òjò dé lójijì, atẹ́gùn wó òpó lulẹ̀ nígbà tí mò ń bá Tamsin sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Omi ti yí òkè yìí ká. Mo ní oúnjẹ, ara mi le. Mi ò mọ ìgbà tí ohùn yìí máa dé ọ̀dọ̀ rẹ, àmọ́ aago kan ti lù, mo ṣe ìlérí aago kan."

Èkejì jẹ́ nípa ọ̀pọ̀lọ́ tó wọ bàtà rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ìyẹ̀fun ló ń sọ, pé ó ti ń ṣe búrẹ́dì nínú eérú iná, pé ó le bí òkúta, pé ó fi ọ̀kan ju ẹyẹ, ẹyẹ náà sì bínú lọ. Nerida ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú omi ìwẹ̀ Edie.

Nígbà tó kan ẹ̀karùn-ún, Tamsin jókòó.

"Nerida, tí o bá gbọ́ èyí, jẹ́ kí ọmọ rẹ gbọ́ ọ. Tamsin, ẹ bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ lọ́dọ̀ ìyá yín, ìdáhùn mi kò sì dé ọ̀dọ̀ yín. Mo ti ní ọjọ́ márùn-ún láti rò ó dáadáa. Mo fẹ́ máa bu tíì fún un láàárọ̀. Mo fẹ́ kí ó máa sọ fún mi pé mò ń sọ̀rọ̀ jù. Mi ò fẹ́ mú un kúrò lọ́dọ̀ yín, mo mọ bó ṣe rí kí ènìyàn wà níbi tí wọn ò ti lè rí i pè. Oṣù mẹ́rin tí ooru bá mú jù, a kì í ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà. Mo lè wà ní Adelaide nígbà náà, tí ẹ bá fàyè gbà mí. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ. Ọ̀nà ni mo mọ̀ ọ́n tẹ́. Ó tán."

Edie fi ẹsẹ̀ lu omi.

Tamsin nu ojú, ó sì ń tẹ àwọn tó kù lọ. Ẹ̀kẹjọ kò ju "Mo ṣàárò rẹ" lọ, ohùn rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ le. Nínú ẹ̀kọkànlá, ariwo ènìyàn wà lẹ́yìn rẹ̀. Omi ti fà, ó ti gbé katapílà la ẹrẹ̀ kọjá, ilé epo Mulgaree ló wà, ọwọ́ rẹ̀ kan mú páì ẹran, fóònù wà ní ọwọ́ kejì. "Mo rí i pé o pè mí ní ìgbà mọ́kàndínlógún," ni ó wí. "Dákun, má bínú."

Nerida na ọwọ́ ọlọ́ṣẹ sí fóònù. Tamsin gbé e jìnnà sí i.

"Ẹ dúró. Èmi ni mo máa pè é."

"Tamsin..."

"Ẹ máa wẹ ọmọ yín lọ, Mọ́mì."

Ó pè. Clem gbé e kí ó tó dún lẹ́ẹ̀kan tán. "Nerida?"

"Tamsin ni, sà. Ìdáhùn yín ti dé."

Clem gbé páì rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ó bọ́ sí i?"

"Ó bọ́ sí i." Tamsin wojú ìyá rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun tán, kí ẹ sì wọ mọ́tò. Ìyá mi ti fọ gbogbo ìgò ilé yìí tán."

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ó dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ títí dé ìtan. Nerida kò jẹ́ kí ó nu ẹsẹ̀ tán kí ó tó dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà. Tamsin dúró sẹ́yìn wọn pẹ̀lú Edie lápá. Nígbà tí wọ́n fi ara wọn sílẹ̀, Tamsin gbé ọmọ náà fún Clem. Clem gbà á bí ẹni gbé ẹyin. Kò bímọ rí láyé rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ni ó fi wà lọ́dọ̀ wọn. Ó tún géètì ṣe, ó tún òrùlé ṣe, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń so ìtẹ́dìí ọmọ. Nígbà tí ooru rọlẹ̀, òun àti Nerida ṣe ìgbéyàwó ní ẹ̀yìnkùlé Tamsin, níwájú ènìyàn mẹ́rìnlélógún, pẹ̀lú ẹran yíyan àti kéèkì tí Tamsin fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Tamsin ló fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ jáde. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ènìyàn, ẹkún kò jẹ́. Ó kàn ní, "Ẹ máa tọ́jú ara yín," ó sì jókòó.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọkọ àti ìyàwó kọrí sí àríwá, sí ìdí iṣẹ́. Wọ́n ti kọjá Port Augusta dáadáa, oòrùn ọ̀sán ń ràn, ọ̀nà pupa tẹ́ lọ bẹẹrẹ níwájú wọn, nígbà tí fóònù dún. Tamsin ni, lórí fídíò.

"Mọ́mì! Ẹ wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín! Ó ń rẹ́rìn-ín síta! Ẹ gbọ́!"

Clem tẹ bíréèkì débi pé eruku bo mọ́tò. Kò wa ọkọ̀ síwájú, kò wa á sẹ́yìn, kò tilẹ̀ yà kúrò ní àárín ọ̀nà, kí ibi tó ń mú má baà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó gbé àga méjì sílẹ̀ sórí erùpẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n gbé orí pọ̀ sórí fóònù náà. Edie ń rẹ́rìn-ín kèékèé sí ìgò omi òfìfo tí bàbá rẹ̀ ń mì. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e bí ẹni tí wọ́n ń rin lára.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan dé, ó dúró. Awakọ̀ rẹ̀ na ọrùn jáde, ó wo àga méjì láàárín ọ̀nà, ó wo arúgbó méjì tó ń rẹ́rìn-ín nínú oòrùn.

"Ṣé kò sí wàhálà o? Ṣé mọ́tò yín bàjẹ́ ni?"

"Rárá o," Clem dá a lóhùn, kò gbé ojú kúrò lára fóònù. "Ọmọ ọmọ wa ló ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wá wò ó."

Awakọ̀ náà pa iná ọkọ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ wá wò ó.